Ẹ̀rín Tí Wọ́n Ṣèlérí Tí A Ò Rí

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ìjọ wa àmọ́ tí ẹ máa ń yọ́ kà wá. A mọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Fíìmù la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ni, fíìmù. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí kí Pásítọ̀ sọ pé ọ̀run àpáàdì ni gbogbo ẹni tó ń wo fíìmù ń lọ, ẹ má bínú, a ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àwa náà wò ó, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀sùn tí a fẹ́ fi kàn án kì í ṣe pé ó pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ̀sùn wa ni pé kò pa wá lẹ́rìn-ín rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ló ní òun gbé wá. Tí ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀sùn tiwa yìí wúwo ju èyí tí àwọn àlùfáà ẹlẹgbẹ́ wa máa ń fi kan fíìmù lọ.

Orúkọ fíìmù náà ni *Merry Men: The Real Yoruba Demons*. Toka McBaror ló darí rẹ̀, ó sì jáde sí sinimá ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ramsey Nouah, AY, Jim Iyke àti Falz ni ọkùnrin mẹ́rin inú rẹ̀. Olówó ìlú Àbújá ni wọ́n, ọkọ̀ olówó ńlá, aṣọ tó ń dán, obìnrin ní ọ̀tún, obìnrin ní òsì. Lábẹ́lẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: wọ́n ń dọ́gbọ́n wọlé tọ àwọn ọlọ́lá lọ, wọ́n ń jí owó olówó, wọ́n sì ń pín in fún aláìní. Obìnrin olóṣèlú kan, Ireti Doyle ló ṣe é, fẹ́ pa abúlé àwọn tálákà rẹ́ kó lè kọ́ ilé ìtajà ńlá síbẹ̀. Owó tó pa ní sinimá ju 200 mílíọ̀nù náírà lọ. Wọ́n ṣe ìkejì ní 2019, wọ́n ṣe ìkẹta ní 2023. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ohun kékeré là ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, ká lè kúrò níbẹ̀. A mọ ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní "Yoruba demon": ọmọkùnrin Yorùbá tó mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, tó wọ agbádá tó dúró dáadáa, tí yóò gba ọkàn ọmọbìnrin kan lọ́jọ́ Àìkú tí yóò sì gbàgbé orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́rú. Àwàdà ni, a gbà. Àmọ́ Naz Okigbo wà lára àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣé ọmọ Ìjẹ̀bú ni Okigbo ni? Ní orúkọ fíìmù pàápàá, àwàdà náà ò tíì balẹ̀. Àwa tí a ń ṣọ́ òru ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì láti lé ẹ̀mí èṣù jáde, wọ́n wá kọ ọ́ mọ́ wa lórúkọ, a tún ń sanwó wọlé. Tóò.

Báyìí ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ló bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí àwọn máa wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, dípò kí wọ́n lọ máa jókòó síbi tí a ò mọ̀. A ní kò burú, tí àwa náà bá máa wà níbẹ̀. Àwọn ló yan fíìmù. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, wọ́n yá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìdúmọ̀tà, wọ́n ra gúgúrú àti ẹ̀pà. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń hukọ́ lẹ́yìn ilé bí arúgbó. Wọ́n tó bí ọgbọ̀n. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ní òun ò lè dá sùn sílé nígbà tí àwọn ọmọ òun ń gbádùn.

Ẹ̀rín àkọ́kọ́ wá, torí inú àwọn ọmọ ti dùn kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì wá díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gúgúrú nìkan la ń gbọ́. Kí ó tó dé ìdajì, iná fóònù ti ń tàn káàkiri inú òkùnkùn bí iná kòkòrò. Àwọn ọmọ tí ẹ bá yẹ̀ nílẹ̀ báyìí, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín fún wákàtí kan! Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Ìyá àgbà ló dáhùn rẹ̀ láìmọ̀. Ó tẹ̀ wá létí, ó ní: "Pásítọ̀, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, ta ni wọ́n ń sá fún gan-an?"

A ronú sí i, a ò rí èsì kankan.

Ẹ gbọ́ o. Ìtàn amí ń pani lẹ́rìn-ín torí ẹ̀rù. Ẹni tó fara pamọ́ lè di ẹni tí wọ́n mú, ohun tó ń mú ẹ̀rín ru sókè nínú àyà wa nìyẹn. Àwa tí a bí sí àdúgbò yìí ti mọ ìyẹn lára Ẹ̀yọ̀ kí a tó di àtúnbí. (Ẹ má sọ pé Pásítọ̀ ń polówó òrìṣà o. Ìtàn là ń sọ.) Agbádá funfun bo èèyàn látòkè délẹ̀, àkẹtẹ̀ wà lórí, o ò gbọdọ̀ mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Àmọ́ Ẹ̀yọ̀ kì í wọ bàtà. Ọmọdé wo ni kò mọ ẹsẹ̀ bọ̀dá tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan? A óò rí ẹsẹ̀ yẹn, a óò rí àpá ibi tí ìgò ti gé e, ẹ̀rín yóò há wa lọ́fun, a ò sì gbọdọ̀ rín in, torí ọ̀pámbátà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí sinimá tó tíì pa wá lẹ́rìn-ín tó ìyẹn láti ìgbà náà.

Inú Bíbélì ńkọ́? Ẹ ṣí Sámúẹ́lì Kìíní orí 21. Dáfídì sá fún Sọ́ọ̀lù, ó sá bọ́ sọ́wọ́ Ákíṣì ọba Gátì, àwọn ará ibẹ̀ sì dá a mọ̀. Kí ni akọni tó pa Gòláyátì ṣe? Ó di wèrè! Ó ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn, ó jẹ́ kí itọ́ máa ṣàn sórí irùngbọ̀n òun. Ọba bínú sí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pé ṣé wèrè ló wọ́n òun tẹ́lẹ̀ ni tí wọ́n tún fi ń mú òmíràn wá. Ẹ lọ kà á sókè fún àwọn ọmọ yín lálẹ́ yìí, ẹ wo bóyá wọn ò ní ṣubú lulẹ̀. Àwọn ará Gíbéónì ńkọ́, tí wọ́n wọ bàtà tó ti ya, tí wọ́n gbé búrẹ́dì tó ti bu wá bá Jóṣúà pé ọ̀nà jíjìn làwọn ti wá, bẹ́ẹ̀ ìtòsí níbẹ̀ ni wọ́n ń gbé? Ẹ̀rín wà níbẹ̀ torí pé ikú wà níbẹ̀. Bí àṣírí Dáfídì bá tú, orí rẹ̀ á kúrò lọ́rùn.

Nígbà tí a ń ka dípúlọ́mà wa nínú ẹ̀kọ́ ìsìn, a máa ń rò pé irú ibi báyìí ń kó ìtìjú bá Ìwé Mímọ́ díẹ̀. A ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ wá mú àwọn ọkùnrin mẹ́rin wa. Ta ló lè mú wọn? Ta ló lè dójú tì wọ́n? Aṣọ wọn kì í rún. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n bá dé ń ṣí. Obìnrin tí wọ́n bá wò ń tẹ̀ lé wọn. Òyìnbó tó ń ṣe Mr. Bean, Rowan Atkinson, ó ṣe fíìmù amí tirẹ̀, *Johnny English*, ìkẹta jáde nínú ọdún 2018 kan náà. Kò sí ọgbọ́n ńlá nínú ìyẹn náà, àmọ́ ọkùnrin yẹn gbà láti di òmùgọ̀ lójú wa. Ó rò pé òun gbọ́n, gbogbo ayé sì rí i pé kò gbọ́n. Àwọn tiwa ò gbà. Wọ́n fẹ́ ṣe aláwàdà, wọ́n tún fẹ́ kí a máa jowú wọn. Méjèèjì ò lè gbé inú agbádá kan. AY fúnra rẹ̀ mọ àwàdà, ta ló máa jiyàn ìyẹn? Orí ìtàgé ló ti jáde. Ìdí nìyẹn tó fi dùn wá.

Ohun tó tún ń bí wa nínú ni pé ìlú tí a wà yìí ò ṣe aláìní ìtàn amí. Ẹ rìn láti Ẹnu Ọ̀wá dé Ìdúmàgbò, orí ìtàn lẹ ń tẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Èṣùgbàyí Elékòó kúrò ní Ìgá Ìdúngànran lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925, ta ló bá wọn ja ìjà náà títí Ọba fi padà sílé ní 1931? Herbert Macaulay ni, ẹni tí àwọn baba wa ń pè ní Ejò Nígboro. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ pé ó ní àwọn tó ń bá a fetí sílẹ̀ káàkiri, ó sì ń sanwó gidi fún wọn. Ohun tí àwọn aláṣẹ bá sọ nínú ìpàdé ìkọ̀kọ̀ á bọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ẹ fojú inú wo akọ̀wé kékeré kan, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ń gbé tíì fún ọ̀gá òyìnbó, tí ọ̀gá ń lọgun pé ta ló ń tú àṣírí, tí òun náà ń mi orí pé ha, ayé ti bàjẹ́ o, sà! Ṣé ẹ ò ti máa rẹ́rìn-ín? Ẹ sì máa bẹ̀rù fún un, torí ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Kì í sì í ṣe eré: ní 1928, wọ́n fi Macaulay fúnra rẹ̀ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé jáde. Fíìmù yẹn, ta ló ń ṣe é? Glover Memorial Hall tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn èèyàn ní orílẹ̀-èdè yìí, ní oṣù kẹjọ 1903, ẹsẹ̀ lèèyàn máa fi rìn débẹ̀ láti ibi tí a jókòó sí yìí. Èkó la ti bẹ̀rẹ̀, a wá lọ ń yá ọkọ̀ olówó ńlá ní Àbújá kiri.

A padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Nígbà tí fíìmù dé ibi tí wọ́n ti sọ pé wọ́n máa wó abúlé yẹn, ìyá jókòó dáadáa. Ó ká gèlè kúrò létí. A mọ ìdí. Ní 1955, ọmọdé ló wà nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Èkó yìí, pé ibẹ̀ dọ̀tí, pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Ilé baba rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ sí Sùúrùlérè. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní ẹnu ilé, tí oníbàárà ń jí i láàárọ̀, wá di ẹni tó ń wọ ọkọ̀ wá sọ́jà, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń gbé inú àgbàlá kan fọ́n ká. Kì í ṣe àwọn nìkan. Àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Maroko ní oṣù keje 1990, iye tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kọ ni 300,000 èèyàn. Ẹ béèrè ohun tó wà níbẹ̀ lónìí, ẹ béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Ìyá ń retí kí fíìmù náà yà sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, kó bá wọn jókòó, kó jẹ́ kí a mọ orúkọ ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà, ọmọ kan tó ń lọ síléèwé. Fíìmù ò ráyè. Ó ya ọ̀dọ̀ wọn bí olóṣèlú tó wá ya fọ́tò, ó sì padà sídìí ọkọ̀. Tálákà inú rẹ̀ ò ju àga tí ọlọ́lá gbé ẹsẹ̀ lé lọ. Ìyá tún gèlè rẹ̀ wé, ó sùn. Ó sùn gan-an, ó ń hanrun. Ìyẹn nìkan ló pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín gidi ní alẹ́ náà.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. "Pásítọ̀, fàájì lásán ni, ẹ má fi ṣe ìwàásù." Ká ní fàájì lásán ni, a ò bá ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó mú wa kọ èyí.

Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn ọ̀dọ́ wa. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní sọ ohun tí ẹ ó fi dá a mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn alẹ́ yẹn, ó wá bá wa pẹ̀lú ìwé ìfowósí tó nípọn. Ó ní òun gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń hukọ́, òun fẹ́ ra tuntun fún ilé Ọlọ́run. A dúpẹ́. A wá béèrè pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe báyìí. Ó wo ilẹ̀. A tún béèrè. Ó ní: "Sà, ṣebí ẹ wà níbẹ̀, a jọ wò ó ni. Àwọn yẹn náà ń gbà lọ́wọ́ olówó fún àwọn tí ò ní. Òyìnbó tí mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó dín."

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ wa wárìrì. Kì í ṣe torí yàhúù. Ta ni kò mọ̀ pé yàhúù wà ní àdúgbò? Ọ̀rọ̀ "a jọ wò ó" ló pa wá. Òótọ́ ló sọ. A jọ wò ó ni. A jókòó níwájú, a jẹ gúgúrú, nígbà tó parí a gba àdúrà ìparí, a ní kí wọ́n gbá ilẹ̀ kí wọ́n tó lọ. A ò sọ nǹkan kan.

Fíìmù tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín ì bá má kọ́ ọ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ohun tí a fẹ́ kí àwọn àlùfáà ẹlẹgbẹ́ wa gbọ́ nìyẹn. Ká ní olè inú rẹ̀ bẹ̀rù, ká ní ó ṣì ẹsẹ̀ gbé, kó wọ inú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, kó sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ajá rí i, ọmọ náà ì bá rí i pé òmùgọ̀ ni olè. Ẹ̀rín á ti fọ̀ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n fíìmù tó ní òun jẹ́ àwàdà tí kò sí àwàdà nínú rẹ̀, kí ló kù níbẹ̀? Ọkọ̀, aago, obìnrin, owó. Ohun tó kù ni wọ́n kó lọ sílé.

A dá owó náà padà. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ bínú sí wa, ẹnì kan sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run ló ń gba ọrẹ, kì í ṣe ọwọ́ Pásítọ̀. Àlùfáà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa pè wá lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní a ò gbọ́n. Ọmọ náà ò wá fún ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta báyìí. A lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Òkè Àrín. Ó fún wa ní àga, ó ra omi fún wa, ó sì béèrè lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, pé kí ló dé tí owó ọmọ òun ò mọ́ tó lójú wa, ṣé a mọ iye ọdún tí òun fi ru ẹrù kí òun tó lè tọ́ ọ dàgbà. A ò rí ẹnu fèsì. A mu omi náà.

Torí náà, ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù, ẹ ò ní ríbi fi "eré lásán ni" sá mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ gba owó wa fún ẹ̀rín, ẹ fún wa ní ẹ̀rín. Ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin náà ò ràn wá lọ́wọ́: bí ẹ bá ti da gbogbo rẹ̀ sínú garawa kan, àwọn ọmọ á wò ó lábẹ́ ìbora, a ò sì ní sí níbẹ̀ láti béèrè pé ta ni wọ́n ń sá fún. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ẹ ní "ṣebí cruise ni", ẹ̀yin lẹ fi gúgúrú sílẹ̀ tí ẹ ń tẹ fóònù. Ojú yín ti sọ òótọ́ kí ẹnu yín tó sọ irọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí fíìmù yẹn jáde, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2018, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ kú, Bàbá Sàlà wa. Ọkùnrin tó so táì labalábá tó tóbi ju ọrùn lọ, tó gbé aago ńlá kọ́ra. Òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jowú òun rí. Nínú *Ọ̀run Móoru*, ní 1982, ojúkòkòrò owó òjijì ló kó o sọ́wọ́ àwọn tó lù ú ní jìbìtì, a rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú, kò sì sẹ́ni tó jáde níbẹ̀ tó fẹ́ dà bí oníjìbìtì. Àwọn olè tó ń ṣe àdàkọ fíìmù ló wá jẹ gbogbo èrè iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ẹni tó mọ bí olè ṣe ń dunni ló ṣe fíìmù yẹn fún wa.

A ti bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn kan náà. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló máa ṣe eré Dáfídì níwájú Ákíṣì, ẹni tó máa ṣe wèrè náà ti ń fi itọ́ dánra wò láti ìjẹta, ìyá rẹ̀ ti wá fi sùn wá. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹnikẹ́ni bá ní fíìmù Bàbá Sàlà èyíkéyìí nílé, kó gbé e wá, a ó dá a padà. Ìyá àgbà ní òun ń bọ̀, òun ò sì ní sùn lọ́tẹ̀ yìí. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń hukọ́ o, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ìwọ ọmọ wa, tí o bá ń ka èyí, àga rẹ wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Má mú nǹkan kan wá.